Orlando Martins (1899–1985): Ọmọ Èkó nínú Sinimá Ìlú Ọba

Orlando Martins jẹ́ òṣèré orí ìtàgé àti ti sinimá, ọmọ bíbí ìlú Èkó, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Ìlú Ọba láàárín ọdún 1935 sí 1960. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1899. Ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1985, lẹ́ni ọdún 85. Ó kópa nínú fíìmù tó lé ní 20, ó sì bá àwọn òṣèré tí orúkọ wọn kò lè parẹ́ nínú ìtàn ṣeré lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni olú ẹ̀dá-ìtàn nínú àwọn fíìmù wọ̀nyí. Ìjòyè abúlé, adáhunṣe, ìránṣẹ́, ọmọ ogun, alùfáà, ẹni tí ń ta ọtí: irú ipa tí wọ́n máa ń fún un nìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì mọ ilẹ̀ Áfíríkà ju bí ìjọba amúnisìn ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ìtàn ayé rẹ̀ fi ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìfìwàwẹ̀dá nínú eré. Ó jẹ́ kí a mọ ohun tí òṣèré lè ṣe nínú ipa tí kò ní àṣẹ lórí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí a mọ ibi tí agbára irú òṣèré bẹ́ẹ̀ pin sí.

Ìbí, Ìdílé àti Ìgbà Èwe

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Emmanuel Alhandu Martins. Òpópónà Òkèsúnà ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n bí i sí. Ìdílé bàbá rẹ̀ tan mọ́ Bràsíl; ọmọ ilẹ̀ wa ni ìyá rẹ̀. Orúkọ Martins jẹ́ ọ̀kan lára irú orúkọ tí a mọ̀ mọ́ àwọn Àgùdà ní Èkó, ìyẹn àwọn ẹrú tó gba òmìnira àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ti Bràsíl àti Kúbà padà sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn Àgùdà ni wọ́n mú iṣẹ́ ilé kíkọ́ aláràbarà wọ Erékùṣù Èkó. Wọ́n mú ẹ̀sìn Kátólíìkì wá pẹ̀lú, wọ́n mú ẹ̀wà tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè fún Ọjọ́ Ẹtì Rere wá, wọ́n sì mú eré Kàrẹ́tà wá, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi agọ̀ àti aṣọ àrà ṣe káàkiri àdúgbò. Èkó tí Martins dàgbà sí kún fún eré: Ẹ̀yọ̀ ń jáde, àwọn Sàró ń ṣe eré olórin nínú gbọ̀ngàn, Kàrẹ́tà sì ń jó ní Pópó Àgùdà.

Ní ọdún 1913, ọdún tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Eko Boys' High School sílẹ̀ gan-an, ó wọ ibẹ̀. Kò parí ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, ó di atukọ̀ ojú òkun, ó sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ Mauretania, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó tóbi jù lọ láyé nígbà náà. Bí ogun ṣe parí, kò padà sí Èkó. Ní ọdún 1919, ó fi ìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju 20 lọ ni nígbà náà. Ogójì ọdún ni yóò sì lò níbẹ̀.

Iṣẹ́ tí Ọwọ́ Bá

Ọdún 1919 kò dára fún aláwọ̀ dúdú ní Ìlú Ọba. Àwọn ọmọ ogun ń padà sílé, iṣẹ́ sì wọ́n. Ní Cardiff, ní Liverpool àti ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èrò funfun kọlu àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú nínú ilé àti ní ìgboro. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń gba iṣẹ́ mọ́ onílẹ̀ lọ́wọ́. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí kò sì ní ẹbí nítòsí, kò lè máa yan iṣẹ́. Ohun tí ọwọ́ Martins bá ni ó ṣe. Ó ru ẹrù nínú ọjà ẹja Billingsgate. Ó ṣọ́ ilé lóru. Ó ja ìjàkadì níwájú àwọn tó sanwó wòran, orúkọ tí wọ́n sì fi ń polongo rẹ̀ níbẹ̀ ni Black Butcher Johnson. Ó tẹ̀lé sákọ́ọ̀sì, ó ń fi ejò ṣeré. Nígbà tí ẹgbẹ́ oníjó Diaghilev láti Rọ́ṣíà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbà á láti farahàn lórí ìtàgé bí ẹrú aláwọ̀ dúdú.

Bí a bá wo àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí dáadáa, a ó rí i pé ohun kan náà ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ni: gíga rẹ̀, ìbú èjìká rẹ̀ àti dúdú àwọ̀ rẹ̀. Òun náà ni sinimá kọ́kọ́ rà. Fíìmù ìgbà náà kò ní ohùn, àwọn tó ń ṣe é sì máa ń wá ènìyàn dúdú tí yóò dúró lẹ́yìn ọba, tí yóò di abẹ̀bẹ̀ mú, tàbí tí yóò gbé àpótí wọlé. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í kọ orúkọ wọn sí ara fíìmù. Martins wà lára wọn. A mọ̀ pé ó kópa nínú If Youth But Knew ní ọdún 1926.

Nǹkan yí padà nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ìparí ẹ̀wádún náà. Ohùn Martins jinlẹ̀, ó sì rinlẹ̀. Kò nílò láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Láti ìgbà náà, àwọn olùdarí ní ohun méjì láti rà lọ́wọ́ rẹ̀ dípò ẹyọ kan. Ó hàn nínú Tiger Bay. Lẹ́yìn náà, wọ́n pè é sí fíìmù tí gbogbo ayé yóò wò.

Láàárín K'Lova àti Boukman

Fíìmù náà ni Sanders of the River, tí Alexander Korda gbé jáde, tí Zoltan Korda àbúrò rẹ̀ sì darí ní ọdún 1935. Ìtàn rẹ̀ dá lórí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣàkóso àwọn ẹ̀yà lẹ́bàá odò kan ní Nàìjíríà. Paul Robeson, akọrin àti òṣèré ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣe Bosambo, olóyè tó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì. Martins ṣe ẹni tí wọ́n ń pè ní K'Lova. Wọ́n kọ́ abúlé Áfíríkà kan sí Shepperton, nítòsí odò Thames, wọ́n sì kó àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Ìlú Ọba jọ láti fi kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Jomo Kenyatta, akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà.

Ó yẹ kí a ronú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Martins, ẹni tí wọ́n bí ní Èkó, ń ṣe ọmọ Nàìjíríà nínú ìtàn tí wọ́n ní Nàìjíríà ni ó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí Nàìjíríà kankan nínú rẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà tó wà níbẹ̀, inú ìwé ìtàn àròsọ ni ó ti wá. Ìwà tí wọ́n gbé wọ àwọn ènìyàn náà, ìwà ọmọdé tí bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bá wí ni. Robeson fúnra rẹ̀ kábàámọ̀ fíìmù náà lẹ́yìn náà, ó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba. Robeson lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé òkìkí rẹ̀ ti kàn kí ó tó dé ibẹ̀. Martins kò ní òkìkí tí yóò fi kọ nǹkan. Iṣẹ́ ni ó ń wá.

Síbẹ̀, kò pé ọdún kan lẹ́yìn tí fíìmù náà jáde tí ó fi rí ipa tó yàtọ̀ pátápátá. Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, wọ́n ṣe eré C. L. R. James, òǹkọ̀wé ọmọ Trinidad, tó dá lórí Toussaint Louverture, ní gbọ̀ngàn Westminster Theatre. Eré náà sọ ìtàn bí àwọn ẹrú Haiti ṣe gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ Faransé. Robeson ni Toussaint. Robert Adams, ọmọ Guyana, ni Dessalines. Martins sì ni Boukman. Ìtàn Haiti mọ Boukman dáadáa: òun ni ọ̀kan nínú àwọn tó kó ẹrú jọ fún ìṣọ̀tẹ̀ ọdún 1791, aṣáájú sì ni nínú ẹ̀sìn vodun, ẹ̀sìn tó bá ìsìn òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá àti ti Dàhọ̀mì tan. Ìgbà méjì péré ni wọ́n ṣe eré yìí fún àwọn òǹwòran. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, fún ìgbà díẹ̀, ara gíga àti ohùn rírinlẹ̀ tí sinimá ń lò láti dẹ́rù ba àwọn òǹwòran di ara àti ohùn ẹni tó ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ sí òmìnira. Ènìyàn dúdú ni ó kọ eré náà, àwọn dúdú ni wọ́n sì wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀.

Ó tún bá Robeson pàdé nínú àwọn fíìmù mìíràn, pàápàá Song of Freedom ní ọdún 1936 àti Jericho ní ọdún 1937. Ṣùgbọ́n irú ipa Boukman kò tètè padà wá.

Magole

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni òkìkí Martins tó kàn jù. Ní ọdún 1945, ó kópa nínú The Man from Morocco. Ní ọdún 1946, fíìmù aláwọ̀ mèremère kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Men of Two Worlds, tí Thorold Dickinson darí, tí ìjọba Ìlú Ọba sì ṣe ìtìlẹ́yìn fún. Ní Tanganyika ni ìtàn náà wáyé. Kisenga, olórin tó ti lo ọdún 15 ní Lọ́ńdọ̀nù, padà sílé láti ran ìjọba lọ́wọ́ kó lè kó àwọn ará abúlé rẹ̀ kúrò níbi tí àrùn sunrunsunrun ti ń pa wọ́n. Robert Adams ni Kisenga. Martins ni Magole, adáhunṣe abúlé, ẹni tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí kúrò, tó sì ń fi ẹ̀rù de àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé Magole yìí sí ẹ̀gbẹ́ Boukman. Àwọn méjèèjì jẹ́ olùtọ́jú ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Àwọn méjèèjì ní àṣẹ lórí àwọn ènìyàn wọn, àwọn méjèèjì sì kọjú ìjà sí àwọn aláwọ̀ funfun. Lọ́wọ́ C. L. R. James, irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ jẹ́ akọni. Lọ́wọ́ àwọn tó kọ Men of Two Worlds, ìdíwọ́ ni, ìtàn náà kò sì lè parí dáadáa àyàfi tí wọ́n bá borí rẹ̀. Òṣèré kan náà ni ó gbé àwọn méjèèjì wọ̀. Ẹni tó mú gègé lọ́wọ́ ni ó yàtọ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò dákẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WASU, èyí tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1925, kọ̀wé sí ìjọba láti tako bí ìtàn náà ṣe fi àwọn ènìyàn Áfíríkà hàn. Ẹjọ́ wọn tọ́. Ìtàn náà mú oníṣègùn ìbílẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ nílé jẹ́ ìwòsàn àti ìmọ̀ràn, ó sọ ọ́ di elénìní ìlera. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo fíìmù náà lónìí yóò rí nǹkan kan tí ìwé ìtàn nìkan kò lè fi síbẹ̀. Martins kò ṣe Magole bí òpònú. Ó dúró ṣinṣin, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò yí ojú kiri, kò sì fo sókè bí àwọn adáhunṣe inú fíìmù ìgbà náà ṣe máa ń fò. Ó hùwà bí ẹni tó gbà pé òun ń dáàbò bo ìlú òun. Nítorí náà, àwọn òǹwòran rí ọ̀tá tó lóye, tí ó ní ìdí fún ohun tó ń ṣe. Kò lè yí òpin ìtàn padà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí wọ́n fi àgbà ìlú ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó yẹ kí a rántí pé ní àkókò yìí gan-an ni Hubert Ògúndé ń dá tíátà tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1944, ó gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, kò sì pẹ́ tó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá láti máa fi eré jẹun. Ògúndé ní àwọn òǹwòran tirẹ̀, ó ní èdè tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń kọ ìtàn tí òun ń ṣe. Àwọn ohun mẹ́ta wọ̀nyí ni Martins kò ní ní Lọ́ńdọ̀nù.

Blossom

Ipa tí a fi mọ Martins jù lọ ni Blossom nínú The Hasty Heart, eré tí John Patrick, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ. Ó kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1945, lẹ́yìn náà ó tún ṣe é nínú fíìmù tí Vincent Sherman darí ní ọdún 1949. Richard Todd àti Patricia Neal ni ó ṣáájú nínú fíìmù náà, pẹ̀lú Ronald Reagan, ẹni tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981.

Ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Burma ni ibùdó ìtàn náà. Àwọn ọmọ ogun láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan: ọmọ Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Ọsirélíà, ọmọ New Zealand àti Blossom, ọmọ ogun Basuto láti gúúsù Áfíríkà. Wọ́n gbé ọmọ Scotland kan tó ń jẹ́ Lachie wọlé. Kíndìnrín rẹ̀ kan ti lọ, èkejì sì ń kú lọ. Dókítà mọ̀ pé ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un, àwọn aláìsàn yòókù náà sì mọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún un. Wọ́n ń ṣe dáadáa sí i. Nígbà tí Lachie wá mọ òótọ́, inú bí i. Ó rò pé àánú ni gbogbo oore náà, pé kò sí ọ̀rẹ́ kankan níbẹ̀.

Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yàtọ̀ sí orúkọ rẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Ìyẹn ni pé ohùn tó gba Martins kúrò lọ́wọ́ ìjàkadì àti sákọ́ọ̀sì, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ipa tó lókìkí jù ní ayé rẹ̀. Ojú, ọwọ́ àti ìdúró rẹ̀ nìkan ni ó kù. Ní òpin ìtàn náà, Blossom mú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan tọ Lachie lọ láti fi ta á lọ́rẹ. Lachie kọ̀ ọ́. Ìgbà náà ni wọ́n wá la ọ̀rọ̀ yé Lachie: Blossom kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń sọ nípa àìsàn rẹ̀, nítorí náà kò lè mọ̀ pé ó ń kú lọ. Àánú kọ́ ni ó mú ìlẹ̀kẹ̀ wá, ìfẹ́ ọ̀rẹ́ ni. Ọkàn Lachie rọ̀, ó sì yàn láti lo ọjọ́ tó kù fún un láàárín wọn.

Bí a bá yọ Blossom kúrò, ìtàn náà kò ní ibi tí yóò yí sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn yòókù sọ kò tó, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ni ó tú ìdè náà. A lè bínú sí òǹkọ̀wé pé ó gba èdè lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà. Ìbínú náà sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n bí òṣèré tó gbé e wọ̀ bá ti jẹ́ kí Blossom dà bí ọmọdé tàbí aṣiwèrè, ìlẹ̀kẹ̀ náà ì bá má níye lórí, kò sì sí ẹni tí yóò gba òpin ìtàn náà gbọ́. Martins fi sùúrù ṣe é. Ó jókòó bí àgbàlagbà tó wà láàárín àwọn àjèjì, tí kò gbọ́ èdè wọn, tí ó sì ń fi ojú tẹ̀lé ohun tó ń lọ. Ẹni tó bá mọ bí àgbà Yorùbá ṣe ń dákẹ́ ní àwùjọ yóò mọ̀ pé ìdákẹ́ náà ní ìwúwo.

Ìjòyè, Ọdẹ àti Ìránṣẹ́

Ní ọdún 1950 sókè, sinimá Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà fúnra rẹ̀. Martins di ẹni tí wọ́n máa ń pè. Ní Where No Vultures Fly, tí Harry Watt darí ní Kẹ́ńyà ní ọdún 1951, ó ṣe M'Kwongi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Anthony Steel tó ń tọ́jú ẹranko igbó. Ó tún ṣe ẹ̀dá-ìtàn náà nínú West of Zanzibar ní ọdún 1954. Ní The Heart of the Matter, ọdún 1953, èyí tí wọ́n mú jáde látinú ìwé Graham Greene nípa Sierra Leone, ó di alùfáà. Ní Simba, ọdún 1955, tó dá lórí ìjà Mau Mau ní Kẹ́ńyà, ó di baálẹ̀. Ní The Nun's Story, ọdún 1959, tí Fred Zinnemann darí, ó di Kalulu ní Kóńgò, níbi tí ẹ̀dá-ìtàn tí Audrey Hepburn ṣe ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ọmọ Kẹ́ńyà, ọmọ Sierra Leone, ọmọ Kóńgò, ọmọ Basuto, ọmọ Tanganyika: gbogbo wọn ni Martins ti jẹ́. Àwọn tó ń ṣe fíìmù kò rí ìyàtọ̀ láàárín ilẹ̀ kan àti èkejì, wọ́n sì gbà pé àwọn òǹwòran náà kò ní rí i. Nínú àwọn ipa díẹ̀ tí ó ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ fún ogójì ọdún, a rí Sapphire, ọdún 1959, fíìmù Basil Dearden nípa ikú ọmọbìnrin kan àti ìkórìíra tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ipa kékeré ni ó ní níbẹ̀. Ẹni tí ń ta ọtí ni.

Ìpadàbọ̀ sí Èkó

Ní ọdún 1959, Martins padà sí Èkó láti máa gbé níbẹ̀. Ọdún náà gan-an, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òmìnira dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn olùdarí ilẹ̀ òkèèrè kò gbàgbé rẹ̀: ó ṣe Abu Lubaba nínú Sammy Going South ní ọdún 1963, ó tún di olóyè nínú Mister Moses, tí wọ́n yà ní Kẹ́ńyà pẹ̀lú Robert Mitchum, tó sì jáde ní ọdún 1965.

Ṣùgbọ́n nílé, nǹkan mìíràn ń hù. Ní ọdún 1968, The Village Headmaster, tí Olúṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Èkó. Ọba wà nínú rẹ̀, ìjòyè wà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà, ará abúlé sì wà pẹ̀lú. Irú àwọn ènìyàn tí Martins ti ń gbé wọ̀ lábẹ́ gègé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, àmọ́ àwọn tó kọ wọ́n báyìí mọ̀ wọ́n láti kékeré, wọ́n sì mọ ohun tí ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín àti ohun tí ń bí wọn nínú.

Martins náà rí ìpín tirẹ̀ gbà nínú ìyípadà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ní ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Calpenny tí Francis Ọládélé dá sílẹ̀ gbé Kongi's Harvest jáde látinú eré Wọlé Ṣóyínká. Ossie Davis, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ni ó darí rẹ̀. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi, Martins sì ṣe Dókítà Gbénga. Inú Ṣóyínká kò dùn sí bí fíìmù náà ṣe rí nígbẹ̀yìn, èyí tó fi hàn pé kí ọmọ ilẹ̀ kọ ìtàn nìkan kò tó, bí àṣẹ lórí bí a ó ṣe gé e àti bí a ó ṣe tò ó bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1971, Martins kópa nínú fíìmù tí Hansjürgen Pohland, ọmọ Jámánì, darí látinú ìwé méjì Chinua Achebe, Things Fall Apart àti No Longer at Ease. Obierika ni ó ṣe níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti ka Achebe yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Obierika ni ọ̀rẹ́ Okonkwo, àgbà abúlé tó ń ronú, tó ń bi ara rẹ̀ léèrè nípa àṣà tí òun fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé, tó sì ń ṣọ̀fọ̀ ohun tí àwọn àjèjì bàjẹ́. Láti K'Lova ní 1935 títí dé Obierika, ọdún tó lé ní 35 ni Martins fi ṣe àgbà abúlé kí ó tó kan èyí tí ọmọ Áfíríkà kọ, tó ní èrò nínú, tó sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣiyèméjì.

Ìgbéléwọ̀n

Ojú méjì ni a lè fi wo iṣẹ́ Orlando Martins. Àwọn kan yóò sọ pé ó fi ara rẹ̀ ṣe irinṣẹ́ fún fíìmù tó ń yin ìjọba amúnisìn, wọn kò sì parọ́. Sanders of the River àti Simba kò ní di fíìmù mìíràn nítorí pé ọmọ Èkó wà nínú wọn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé òun ni ó la ọ̀nà fún àwọn òṣèré dúdú tó tẹ̀ lé e ní Ìlú Ọba. Òótọ́ ni ìyẹn náà.

Ohun tí a lè rí kọ́ wà láàárín méjèèjì. Òṣèré kì í kọ ìtàn, kì í yan ibùdó, kì í sì í gé fíìmù. Ìwọ̀n ọ̀wọ̀ tí yóò fún ẹni tó gbé wọ̀ nìkan ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Martins fi ọ̀wọ̀ náà fún Magole tí wọ́n fẹ́ kí a kórìíra, ó fi í fún Blossom tí wọ́n gba èdè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í fún ọ̀pọ̀ baálẹ̀ àti ìránṣẹ́ tí a kò rántí orúkọ wọn. Ọ̀wọ̀ yìí kò lè sọ ìtàn búburú di rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé tiwa dé, tí wọ́n sì nílò ẹni tí yóò jókòó bí àgbà tó ń ronú níwájú kámẹ́rà, ó ti wà nílẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá ilé ìwòsàn The Hasty Heart, kí ó sì máa wo ẹni tí kò sọ̀rọ̀.